Ọ̀jọ́ Tó Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Dán Ẹ̀rọ Pílásímà Wò

Ẹni tó bá gba Igbó-Elérin ní Ọ̀jọ́ kọjá lọ́sàn-án kò ní ṣàì rí wẹ́dà tó ń jó géètì. Iná á bù yẹ̀rì, ọmọdé á fọwọ́ bojú. Pílásímà nìyẹn: atẹ́gùn tí iná mànàmáná ti já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù rẹ̀. Òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pá iná funfun tí wọ́n ń tà ní ọjà Alábà, òun ló sì gbé ọkọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ òṣùpá.

Ọjọ́ kan náà, 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, ni sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 gbéra ní Plesetsk ní Rọ́ṣíà, tí ọkọ̀ òṣùpá náà, SMART-1 ti àwọn ará Yúróòpù, sì gbéra ní ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì Kourou. Ti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi gáàsì butane tún ìrìn rẹ̀ ṣe, ọmọ ìyá gáàsì ìdáná, tí iná mànàmáná ń mú gbóná kó tó tú jáde. SMART-1 ní tirẹ̀ gbé kílógíráàmù 82 gáàsì xenon dání, ó ń sọ ọ́ di pílásímà, ó sì ń tú u sẹ́yìn. Agbára tó ń rí níbẹ̀ kò ju ìwúwo abala ìwé kan tàbí méjì lọ! Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò sí lókè lọ́hùn-ún tí yóò dí i lọ́wọ́. Kò tó oṣù mẹ́rìnlá tó fi dé ọ̀dọ̀ òṣùpá.

Ìdánwò rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ń fẹ́ pápá gbalasa àti epo tó lè bú gbàmù. Ẹ̀rọ pílásímà tó kéré kò ju ife tíì lọ. Ohun tó le níbẹ̀ ni àgbá irin tí wọ́n máa fa atẹ́gùn inú rẹ̀ tán, kí wọ́n lè dán an wò bí ẹni pé òkè ló wà. Àwọn tó ń tún amúlétutù ṣe mọ iṣẹ́ yìí díẹ̀. Wọ́n máa ń fa atẹ́gùn inú páìpù kí wọ́n tó rọ gáàsì sí i. Ti àgbá yìí jìn ju ìyẹn lọ fíìfíì, pọ́ǹpù rẹ̀ sì lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí iná mànàmáná bá lọ lójijì, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lè bàjẹ́.

Àwọn kan á ní ebi ló ń pa ará ìlú báyìí. Òótọ́ ni. Àmọ́ owó sátẹ́láìtì ti ń jáde lápò ìjọba láti ọjọ́ pípẹ́. Ọgbọ́n ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ ni kò yẹ kó máa tòkèèrè wá títí. Ibùdó ìmọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ti NASRDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, wà ní Ẹ̀pẹ́, LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, sì ti wà ní Ọ̀jọ́ láti ọdún 1983. Ìpínlẹ̀ kan náà ni méjèèjì wà. Kí ìjọba àpapọ̀ àti ti Èkó ra àgbá náà sí Ọ̀jọ́, kí wọ́n sì so sólà tirẹ̀ mọ́ ọn.