Ìwé Àṣẹ Kọ́ Ní Í Wa Ọkọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ṣe é rà lọ́jà ní òòjọ́, ṣùgbọ́n ọdún àti ìlò ni ó ń sọ aṣọ di àkísà. Ó ṣeni láàánú pé àwọn òbí kan wà láàárín wa lónìí, àti olùkọ́ àti òṣìṣẹ́, tí wọ́n gbà pé àkísà pàápàá ṣe é fi owó rà fún ọmọ. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí a ń gbà fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tí ì kọ́ ọkọ̀ ni mo ń bá wí.

Ní ìsinmi kan tí ó kọjá, ọmọ aládùúgbò mi kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18 mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tuntun wá fi hàn mí. Mo kí i kú oríire, mo sì bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ ọkọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Orí fóònù ni mo ti wo gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ni ó bá Dádì ṣe ìyókù." Mo tún bi í pé ta ni ó dán an wò. Ó ní kò sí ẹni tí ó dán òun wò.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí ó fi gbé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ jáde. Ìyá alákàrà tí ó wà ní ìkóríta wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àpótí rẹ̀ láti lọ pọn omi ni, tí ọkọ̀ náà fi ya bàrá wọ inú àtíbàbà rẹ̀. Àpótí náà fọ́ yángá. Nígbà tí a fa ọmọ náà jáde, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ohun tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé ìjánu ni òun rò pé òun tẹ̀. Iná ni ó tẹ̀. Mo mọ̀ dájú pé bí a bá gbé ìwé fún un, yóò fa ìlà sí abẹ́ ìjánu, kò ní í ṣì í. Orí rẹ̀ mọ ìjánu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́ o. N kò bá ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì jà. Òfin ojú pópó, ìtumọ̀ àmì ẹ̀bá ọ̀nà, ohun tí ọtí ń ṣe sí ojú àti sí ọpọlọ, gbogbo ìwọ̀nyí ni ọmọ lè kọ́ níbi tí ó jókòó sí. Ohun tí mo ń bá jà ni ìrònú pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni òpin rẹ̀. Ta ni ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní rí tí ó fi kọ́ odò wíwẹ̀?

Àwọn tí ó ń fi Amẹ́ríkà ṣe àwíjàre ni ó yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ní lọ́hùn-ún, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwakọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ìpínlẹ̀ California. Lóòótọ́, ọ̀dọ́langba lè ka ẹ̀kọ́ òfin ìrìnnà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 15 àti ààbọ̀, tí ó sì yege nínú ìdánwò àkọsílẹ̀, ìwé ìyọ̀ǹda akọ́ṣẹ́ ni yóò gbà. Kì í ṣe ìwé àṣẹ. Yóò gba ẹ̀kọ́ wákàtí 6 nínú ọkọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù. Yóò tún wakọ̀ fún wákàtí 50 pẹ̀lú òbí tàbí àgbàlagbà tí ó ti tó ọmọ ọdún 25 tí ó ní ìwé àṣẹ, wákàtí 10 nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ní òru. Oṣù 6 ni yóò kọ́kọ́ lò bí akọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó dán an wò lójú títì. Bí ó bá yege tán ní ọmọ ọdún 16, òfin kò tí ì tú u sílẹ̀ pátápátá. Fún ọdún kan gbáko, bí kò bá sí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí ìdí pàtàkì tí òfin là sílẹ̀, kò gbọdọ̀ wakọ̀ láti aago 11 alẹ́ títí di aago 5 ìdájí, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 20. Ǹjẹ́ èyí ha ni a ń pè ní kíkọ́ ọkọ̀ lórí fóònù?

Ilẹ̀ tiwa náà kò ṣàìní òfin. Ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 18 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ìlànà sọ pé kí ó kọ́ ọkọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí a fọwọ́ sí, kí àwọn òṣìṣẹ́ ayẹ̀wò ọkọ̀ tí a ń pè ní V.I.O. dán an wò, kí ó tó lọ ya àwòrán, kí ó sì tẹ ìka. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé kíkọ kò ka ẹ̀mí tí ó ń ṣòfò lójú títì sí ohun tí kò kan òun. Èé ṣe tí àwa tí a ń kọ́ lítíréṣọ̀ yóò wá kà á sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn?

Mo ti gbọ́ àwíjàre oríṣiríṣi. Àwọn kan ní àwọn bàbá wa kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kankan, wọ́n sì wakọ̀. Irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ṣẹ́. Ọmọ ọkọ̀ a máa fọ ọkọ̀, a máa gbé wẹ́ẹ̀jì sẹ́yìn táyà lórí òkè, a máa wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí a tó gbà á láàyè láti jókòó sídìí ọkọ̀. Ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira, gbogbo garaaji ni yóò jẹ́rìí sí i. Ta ni ó jẹ́rìí sí ọmọ aládùúgbò mi?

Àwọn mìíràn ní ìjọba ni ó fà á, pé ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà títọ́ yóò pẹ́, àti pé òṣìṣẹ́ tí kò gba ẹ̀yìn ṣọ̀wọ́n. N kò jiyàn. Òṣìṣẹ́ tí ó ta ìwé àṣẹ fún ẹni tí kò rí rí jẹ̀bi, ó sì yẹ kí òfin mú un. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí yóò rà, ta ni yóò tà? Àti pé ẹ̀bi òṣìṣẹ́ kò lè kọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ní ìjánu. Nígbà tí tírélà bá yọ sí i lóru ní ojú ọ̀nà Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní í béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ tí ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ kan péré ni òfin náà fi yí padà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ti mọ apá òsì láti ọdún pípẹ́, ǹjẹ́ ìkéde lásán tó láti yí i lára padà? Ara ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, títún un ṣe léraléra sì ni ara fi ń kàwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, owó tí ẹ fẹ́ fún alágbàṣe, ẹ fi ra epo sínú ọkọ̀. Ẹ jókòó ti ọmọ yín fún wákàtí 50, kí 10 nínú rẹ̀ jẹ́ òru, kí òjò sì ba yín lójú ọ̀nà nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti gba ìwé ìyọ̀ǹda akọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà, bí wọ́n bá gbé ìwé tí ẹ kò ṣiṣẹ́ fún wá bá yín, ẹ dá a padà. A kì í gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ láìlọ kọ́ni níwájú àwọn ọmọ kíláàsì. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá sì ní iṣẹ́ tiwa: kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ojú pópó láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó lè wọ̀ wọ́n lára kí ọjọ́ orí wọn tó gbà wọ́n láàyè láti wakọ̀.

Ìyá alákàrà ti ra àpótí mìíràn, ó sì ti padà sí ìkóríta wa. Ní àràárọ̀ tí mo bá ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa ń rí i pé bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ẹni tí ó ń wà á. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí a kò kọ́ ní ọkọ̀ ńkọ́? Ilé ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ fọ́.