Ẹni Tí Kò Dáhùn Sálámà

Níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, ẹni tí etí rẹ̀ kan di lè má gbọ́ sálámà tí ó bá ti ìhà ibẹ̀ wá nínú ariwo òfì. Wọn a ní agbéraga ni. Bẹ́ẹ̀ Súrà Al-Hujuraat, áyà 12, kìlọ̀ nípa èrò burúkú sí ọmọnìkejì.

Ṣegede lè di ènìyàn létí kan láìfi àpá hàn. Etí méjèèjì ni a fi ń mọ ìhà tí ìró ti wá. Nítorí náà, ní títì Ṣakí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ alùpùpù láìmọ ibi tí ó ti ń bọ̀.

Ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ bọ́ sí ìhà etí tí ó gbọ́ràn. Kí òun náà má fi í pamọ́ fún ọ̀gá àti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí bi arákùnrin rẹ̀ léèrè kí ó tó dá a lẹ́jọ́.