Òkè Ò Mọ Oge

Gbogbo ẹni tó bá ti bá àwọn olólùfẹ́ kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́ jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti gbọ́ ọ ní àgbọ́sú: kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní jíà kò ní wàhálà. Irin eléyín kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ṣéènì láàrin méjèèjì, ó parí. Ìrọ̀rùn ni wọ́n ń pè é. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fara wé àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ kiri New York, ni orin náà ti gbòde. Ṣòkòtò ti yí padà, irùngbọ̀n ti yí padà. Orin kò yí.

Irọ́ funfun ni. Yíyọ jíà kò dín iṣẹ́ kù rárá. Ńṣe ló gbé iṣẹ́ kúrò lára irin, tó gbé e ka orúnkún. Kò sí ẹni tó lè bá òkè Swain's Lane ní Highgate dúnàá-dúrà pé kó tẹ́ díẹ̀ nítorí òun fẹ́ràn ìrọ̀rùn.

Ohun tí wọ́n ń sá fún náà nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni Sturmey-Archer ti Nottingham ti ń ṣe jíà onípele mẹ́ta. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní AW, tó ti wà lọ́jà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, ipele ìsàlẹ̀ ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín ìyípo táyà kù, kí ẹsẹ̀ lè fúyẹ́ lórí òkè. Ipele tó ga jù ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta bù kún un níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́. Inú họ́ọ̀bù, ìyẹn ìdodo táyà ẹ̀yìn, ni gbogbo rẹ̀ wà: òjò kò rí i, iyanrìn kò rí i. Epo díẹ̀ lóòrèkóòrè, ó tó o. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1950 ṣì ń yí dòní. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó díjú nìyẹn o.

Èyí tó tilẹ̀ ń bíni nínú ni ti àwọn tó ń ra férémù Reynolds 531, ọ̀pá irin tó lórúkọ láti 1935. Wọ́n á fi ayùn rẹ́ etí tí a ń so jíà mọ́ dànù, wọ́n á kùn ún ní àwọ̀ osàn, wọ́n á wá ní àwọn ń tọ́jú ohun àtijọ́. Ẹni tó bá gé imú ère Ifẹ̀ náà lè ní eruku lòun ń nù.

Àwọn tó le jù nínú wọn kì í lo fíríwíìlì pàápàá. Bí táyà ẹ̀yìn bá ń yí, pẹ́dà ń yí, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ sinmi. Àwọn kan á tún yọ bíréèkì iwájú, bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1983 ní dandan ni kó wà níbẹ̀. Orúnkún náà ni wọ́n tún fẹ́ kó dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Wọ́n á ní àwọn akọni eléré ìdíje àtijọ́ kò lo jíà. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n lò ó ni. Henri Desgrange, tó dá Tour de France sílẹ̀ ní 1903, gbà pé ẹni tó bá ti lé ní ọdún 45 ni jíà wà fún. Àwọn eléré rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ ní ìdí òkè, wọ́n á tú táyà ẹ̀yìn, wọ́n á yí i padà sí irin eléyín tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí ni wọ́n ń wá bí kì í bá ṣe jíà? Ní 1937, ọdún kejì tí Desgrange fi ìdarí sílẹ̀, wọ́n gba jíà tó ń gbé ṣéènì sọdá láyè, Roger Lapébie sì fi í borí.

Wọ́n á tún ní kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá ń gùn lọ oko nílẹ̀ Yorùbá kò ní jíà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ní fíríwíìlì, ó ní bíréèkì níwájú àti lẹ́yìn, bí adẹ́mu bá sì dé ìdí òkè ní Èkìtì tòun ti kèrègbè rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á tì í gòkè. Kò sí ẹni tó pe títì náà ní oge.

Nínú gbogbo orin tí wọ́n ń kọ sí irin Gẹ̀ẹ́sì yìí, ẹnikẹ́ni kì í béèrè àwọn tó jó o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni Raleigh ní ní Nottingham nígbà tó gbayì. Ní 2000, Sturmey-Archer bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ SunRace, ẹ̀rọ wọn sì ré kọjá sí Taiwan. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Raleigh ní Nottingham ti ìlẹ̀kùn. Yunifásítì ló wà lórí apá kan ilẹ̀ náà báyìí. Àwọn tó ń sunkún lórí férémù tó bó lára kò da omijé kankan sí ọ̀rọ̀ ẹni tó pàdánù iṣẹ́. Irin rọrùn láti fẹ́ràn. Kì í béèrè owó ìfẹ̀yìntì.

Ní báyìí, àwọn kan nínú wọn ti sá lọ sí ìdàkejì: jíà onípele méjìlá tó ń lo bátìrì, tí a ń fi sí iná bíi fóònù. Bí bátìrì bá kú lójú ọ̀nà, orí ipele tó bá wà ni jíà ń dúró sí, orúnkún a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Họ́ọ̀bù onípele mẹ́ta ṣì wà lọ́jà o, láti Taiwan. Kò gba iná.