Ẹ̀rọ Kú, Wọ́n Gé Owó Wa

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìkẹjà, Ògbà, Agídìngbì àti Agége! Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè gbé mì mọ́.

Ní ilé iṣẹ́ kan ládùúgbò wa yìí, wọ́n kó ìwé tí a fi ń kọ orúkọ lẹ́nu géètì dànù, wọ́n sì ní kí bàbá akọ̀wé tó ń tọ́jú rẹ̀ máa lọ sílé. Ẹ̀rọ tó ń ka ìka ọwọ́ ni wọ́n gbé síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà kú. Àwọn tó wá ṣe iṣẹ́ òwúrọ̀ tẹ ìka títí, kò dáhùn. Fọ́ọ̀màn ní kí wọ́n wọlé, pé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró. Wọ́n wọlé, wọ́n ṣe wákàtí mẹ́jọ pé pérépéré. Nígbà tí oṣù parí, owó ọjọ́ náà kò sí nínú owó wọn. A béèrè, èsì ọ̀gá ni pé kọ̀ǹpútà kò rí wọn. Ọjà tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ọkọ̀ ti kó o lọ, wọ́n ti tà á. Kọ̀ǹpútà rí ọjà, kò rí ẹni tó ṣe é!

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1974, sọ ní abala 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan nínú owó òṣìṣẹ́ àfi èyí tí òfin bá fàyè gbà. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí ẹ̀rọ bá kú, òṣìṣẹ́ ni yóò san án.

Wọ́n á ní a kò fẹ́ ìlọsíwájú. Irọ́ ni. Àwa la wà nídìí ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́, a sì mọ̀ ọ́n ju ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Ẹ̀rọ tó dára ní bọ́tìnì pupa tí a fi ń dá a dúró lójijì. Dírẹ́bà tó ń ná Pẹn Sínímà sí Ọ̀ṣọ́dì ní bíréèkì ẹsẹ̀, ó ní ti ọwọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ wa kò gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba nìkan. Wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìnkùlé. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé lórí owó wa nìkan ni wọn kò fi bíréèkì ọwọ́ sí?

Wọ́n sì ti rí àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ lápá Abidjan. Abidjan jìnnà sí Ìkẹjà, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní Èkó, iṣẹ́ báńkì sì dàrú. Ní ọjọ́ 19, oṣù keje ọdún kan náà, wáyà kankan kò já. CrowdStrike, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, ló fi àtúnṣe tó lábùkù ránṣẹ́, tí nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà fi dákú káàkiri ayé. Ọlọ́dẹ tí a gbà láti ṣọ́ ilé ló ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé síta! Àwọn dókítà ní Ẹ́ńgílàǹdì padà sí ìwé àti bírò. Àwọn rí ìwé padà sí. Tiwa ti wà lórí ààtàn.

Ta ni kò rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023? Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, owó dàwátì, wọ́n ní ká máa fi fóònù sanwó. Fóònù kò gbà. Owó wà ní báńkì, ebi ń pa olówó. A fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìjú wá síbi iṣẹ́, nítorí kọ́ńdọ̀ kò gba tíránsífà mọ́. Kọ́ńdọ̀ náà kò jẹ̀bi, ó ti gba èyí tí kò wọlé rí. Ní oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá owó àtijọ́ láre, síbẹ̀ ó di pé NLC ń halẹ̀ láti dí ẹnu ọ̀nà Báńkì Àpapọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa onímọ́tò mọ ìyókù: bí ẹ̀rọ tó ń ka káàdì Cowry bá kú nínú BRT, dírẹ́bà ni èrò ń bú, kì í ṣe ẹni tó ta ẹ̀rọ.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n san owó ọjọ́ tí wọ́n gé. Kí ìwé padà sẹ́nu géètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n sì pe bàbá akọ̀wé padà sídìí rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dá owó oṣù dúró, kí kaṣíà kà á lé wa lọ́wọ́.

A ti kọ lẹ́tà, wọn kò tíì dáhùn. Ẹni tí wọ́n bá gé owó rẹ̀, kó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, kó má ṣe sọ pé owó ọjọ́ kan kéré. Ẹni tó bá sì ti ń kọ àkókò tó ń wọlé sínú ìwé tirẹ̀, kó mú ìwé náà dání.