Ẹ béèrè ọkàn ọmọ kí ẹ tó béèrè akọ tàbí abo

Nílùú Dassa-Zoumè àti ní àwọn abúlé tó wà láàárín òkè wọ̀nyí, bí aboyún bá ti ibi ekográfì dé, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé: "Akọ ni àbí abo?" Kò burú. Èmi náà ti béèrè rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ ńkọ́?

Ọkàn ènìyàn ní ilẹ̀kùn kéékèèké mẹ́rin tó ń ṣí, tó ń tì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n bá bí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan á ní àléébù lára ọkàn. Ti ilẹ̀kùn míì ṣọ̀wọ́n gan-an. Èyí tí wọ́n ń pè ní àìsàn Ebstein, tí dókítà ará Jámánì kan kọ nípa rẹ̀ ní 1866, tó bí ọmọ kan nínú 20,000. Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ló jìn sísàlẹ̀ ju àyè rẹ̀ lọ, kì í tì dáadáa.

Ohun tó ń tàn wá jẹ nìyí. Ọmọ inú oyún kì í fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Ibi ọmọ ló ń bá a gba atẹ́gùn lára ìyá, ọ̀nà kékeré kan sì wà nítòsí ọkàn rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń bá kọjá. Nítorí náà, ọmọ tí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ dí lè máa yírapadà nínú ìyá rẹ̀ títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Wọ́n á bí i, á ké, ará ilé á jó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀nà kékeré yẹn á dí, bó ṣe máa ń dí lára gbogbo ọmọ, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ń bá rìn. Ètè rẹ̀ á dúdú bí aró, kò ní lè mu ọyàn, òógùn á bò ó. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ó ti lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nílé kan náà, ẹ mọ orúkọ tí a ń pè é: àbíkú. Mi ò bú àwọn baba wa. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n fún lórúkọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2016 pé kí aboyún ṣe ekográfì kan, ó kéré tán, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, ẹni tó mọṣẹ́ lè rí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkàn ọmọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń dúró di oṣù kẹjọ, nígbà tí owó isu tàbí ti kájú bá wọlé.

Ẹnìkan á ní, "Bí mo bá mọ̀, kí ni mo lè ṣe sí i?" Ìbéèrè gidi ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015, láti ilé ìwòsàn 23, wo oyún 243 tó ní Ebstein tàbí irú rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ọmọ náà tó kú sínú oyún tàbí kété lẹ́yìn ìbí. Ibi tí irinṣẹ́ pé sí nìyẹn o. Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù yè, àléébù míì sì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tó há, wọ́n lè fi bàlúù kékeré gba inú iṣan ṣí i láìla àyà. Oògùn wà tí kì í jẹ́ kí ọ̀nà kékeré yẹn tètè dí, àmọ́ ẹ ò ní bá a ní ilé ìgbẹ̀bí abúlé. Ìyá tó ti mọ̀ lè lọ bímọ ní Cotonou, tó tó kìlómítà 200 sí wa, dípò kí a máa fi sẹ́míján gbé ọmọ lóru. Dakar ti ní ilé iṣẹ́ abẹ ọkàn ọmọdé láti 2017. Àjọ Mécénat Chirurgie Cardiaque náà ń gbé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Faransé. Ìwé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í yá.

Ìjọba wa sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ní 2009. Ohun tí mo ń béèrè kéré sí ìyẹn: ekográfì kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù karùn-ún, ní Dassa níbí, lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ́ láti wo ọkàn, kì í ṣe orí àti ẹsẹ̀ nìkan. Kí wọ́n sì fún àwọn agbẹ̀bí ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ẹsẹ̀ ọmọ láti mọ bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin baálé ilé, ẹ má dúró de ìjọba. Bí oyún bá ti pé oṣù mẹ́rin, ẹ ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ná èyí tó kù lọ́jà Glazoué. Bí ẹ bá dé yàrá ekográfì, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọkàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá béèrè bóyá Táyé àti Kẹ́hìndé ló ń bọ̀.