Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ìtọrẹ àánú: ká má dúró de àwọn ará New York

Ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ owó náà ni mo tún gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń wọlé, èyí tó ń jáde ni. Ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá o.

Lọ́dún 2012, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní 92nd Street Y nílùú New York dá ọjọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní GivingTuesday. Wọ́n wò ó pé lẹ́yìn ayẹyẹ ìdúpẹ́ táwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ṣe lóṣù November, gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ ra ọjà ẹ̀dínwó, ni wọ́n bá ní kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìtọrẹ àánú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é jù: àjọ aláàánú á gbé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe síta, oníkálukú á sì fi iye tágbára rẹ̀ ká ránṣẹ́ láti orí fóònù. Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà náà. Lọ́dún 2026, December 1 ló bọ́ sí.

Àwọn kan á ní nǹkan òyìnbó nìyẹn. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá ti dá èésú rí, tàbí tó ti bá ẹgbẹ́ ọjà dáwó ìsìnkú àti ìkómọ, ó mọ bí owó kéékèèké ṣe ń di ńlá. Fóònù ló kàn gba ipò alájọ.

Ẹ wo Túndé Ọnàkọ̀yà, ọmọ tó dàgbà ní Ìkòròdú níbí. Nígbà táwọn òbí rẹ̀ kò rówó iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì san, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti mọ ayò chess. Ẹ gbọ́ o, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, òwò kékeré bíi tiyín! Ìyá rẹ̀ lọ ń ṣiṣẹ́ agbálẹ̀ níléèwé kan kí wọ́n lè gba ọmọ náà síbẹ̀. Lọ́dún 2018 ló dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, Májídùn ló sì ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ etí omi. Ní April 2024, òun àti Shawn Martinez, ọmọ Amẹ́ríkà, jókòó sí Times Square ní New York, wọ́n ta ayò náà fún wákàtí 60, torí àtiwá mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn èèyàn ti ń fowó ránṣẹ́.

Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tó wà ní New York tó fi dọ́là ránṣẹ́ kò mọ Májídùn. Kò lè mọ̀ bóyá ọmọ tí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ hàn án ṣì wà níléèwé lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba títì Mile 12 wọ Ìkòròdú, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń kọjá níbẹ̀. Ẹ lè wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ wò ó. Owó tiyín lójú, tiwọn ò lójú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dá.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: ṣé kì í ṣe àwọn oníjìbìtì ni? Ẹ ò jẹ̀bi. Èmi fúnra mi fi ₦5,000 ránṣẹ́ nígbà kan sáwọn kan tó láwọn fẹ́ ra ìwé fáwọn ọmọ aláìníbaba. Orúkọ èèyàn ló wà lórí àkáǹtì náà, kì í ṣe orúkọ àjọ. Mo rí i, mo sì fi ránṣẹ́ náà. Títí dòní, n kò gbúròó ìwé kankan. Báyìí, kí n tó fún àjọ kankan ní kọ́bọ̀, mo máa ń lọ sórí ìkànnì CAC lọ wo bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ tí mo bá rí níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì. Ẹni tó bá sì béèrè PIN tàbí OTP lọ́wọ́ yín nítorí àánú, olè ni, ẹ pa fóònù.

Èló lẹ máa fi sílẹ̀? Ẹ má fọwọ́ kan owó ọjà o, inú èrè ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́. ₦1,000 tó. Àlàkalẹ̀ CBN tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2020 ní kí báńkì má gbà ju ₦10 lọ láti fi irú owó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Bí ìsọ̀ 300 ní Sábó bá dá ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, ₦300,000 nìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gbé ìkéde náà sórí WhatsApp níbi tẹ́ ẹ máa ń gbé ọjà yín sí, kí oníbàárà náà lè dá tirẹ̀. (Bó bá polówó ṣọ́ọ̀bù yín díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sóhun tó burú níbẹ̀.)

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ má ní ti Ìkòròdú nìkan ni mo ń sọ. Ọmọ tó ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́jà Olúwo láago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, ẹ̀yin lẹ mọ ilé wọn. Bí kò bá sí àjọ tí ọkàn yín balẹ̀ sí, kí ẹgbẹ́ ọjà lọ bá ọ̀gá iléèwé ìjọba tó wà nítòsí, kí wọ́n béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀, kí wọ́n rà á, kí wọ́n sì tọ́jú rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni kó jẹ́, kó má di “tó bá yá”. Oníbàárà tó ń sọ pé òun á san gbèsè tó bá yá, ẹ ṣáà mọ irú wọn.

Tèmi, ₦2,000 ni mo ti yà sọ́tọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo máa kọ̀wé sí àjọ tí mo bá fún, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi ṣe fún mi. Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè.