"Ta ni olórí yín?" Ìbéèrè tí EndSARS fi sílẹ̀ fún Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dà sígboro pé kí ìjọba fòpin sí SARS, ìbéèrè kan ò kúrò lẹ́nu àwọn aláṣẹ: "Ta ni olórí yín? Ta la fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Èsì kan náà ni wọ́n ń gbà: a ò ní olórí. Èsì yẹn dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, torí gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí olórí ní Nàìjíríà. Wọ́n á pè é lálẹ́, wọ́n á fún un lówó, tó bá di àárọ̀ á ní kí gbogbo èèyàn máa lọ sílé. Tí kò bá gbà, àtìmọ́lé ló kàn.

Ọdún ti gorí ọdún, ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ó sì kan àwọn tó ń gbé Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bó ṣe lọ. Fídíò kan tó jáde láti Ughelli, ní ìpínlẹ̀ Delta, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ló dá iná sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 8, àwọn ọ̀dọ́ ti wà ní Alausa, l'Ékòó. Ní ọjọ́ 11, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Mohammed Adamu, kéde pé òun ti tú SARS ká, ẹ̀ka tó ti wà láti 1992. Ní ọjọ́ 13, ó gbé SWAT jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ní ọbẹ̀ àná ni wọ́n tún gbé kaná, wọn ò kúrò lójú títì. Wọ́n dí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ti Mòwé àti Ìbàfò lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó ló fẹsẹ̀ rìn láwọn ọjọ́ yẹn.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe létò tó láìsí olórí. Oúnjẹ ń wá, omi ń wá, ọkọ̀ ambulance ń wá. Àwọn lọ́yà da ara wọn jọ, tí wọ́n bá ti mú èèyàn kan ní ìlú yìí, lọ́yà kan á ti gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ láìgba kọ́bọ̀. Nọ́mbà tẹlifóònù wà tí ẹni tó bá wà nínú wàhálà lè pè. Tí ìwọ́de bá parí nírọ̀lẹ́, àwọn kan á gbá ilẹ̀. Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún yẹn, kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà jọ. Nígbà tí wọ́n ti ojú ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé fún wọn, wọ́n bọ́ sórí Bitcoin. Wọ́n ń gbé ìṣirò owó náà sórí Twitter kí gbogbo ayé rí i. Síbẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe olórí ẹnikẹ́ni.

Àwọn onímọ̀ ìṣèlú ní orúkọ fún irú nǹkan báyìí: anarchism. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Tí wọ́n bá dárúkọ "anarchy" lórí rédíò, ìjà ìgboro àti ilé tó ń jó ló ń wá sí wa lọ́kàn. Àmọ́ ohun tí àwọn tó ń tẹ̀ lé èrò yìí ń sọ ni pé èèyàn lè ṣètò ara wọn láìsí ọ̀gá tó ń pàṣẹ lókè. Peter Kropotkin, ará Rọ́ṣíà, kọ ìwé Mutual Aid lórí ìràn-ara-ẹni-lọ́wọ́ ní 1902. Níbí ní Nàìjíríà, Sam Mbah àti I.E. Igariwey gbé African Anarchism jáde ní 1997, wọ́n ní irú ètò yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Áfíríkà. Àwa Yorùbá ní ọba, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Àmọ́ ọba kọ́ ló ń ṣètò àáró, ọba kọ́ ló ń ṣètò ọ̀wẹ̀, kò sì sí ààfin kankan tó ń gba owó èsúsú.

Ẹni tó bá ń gbé Mòwé tàbí Ìbàfò ò nílò ìwé kankan kó tó mọ ohun tí mò ń sọ. Àìmọye ló ti Èkó kó wá síbẹ̀ torí ilẹ̀ àti ilé, nígbà tí ọwọ́ ìjọba ò tíì dé ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ta ló ra tiránsífọ́mà ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀? Àwọn ará àdúgbò ni. Ta ló ra òpó iná, tó ń da òkúta sójú ọ̀nà tí òjò bá ti gbá a lọ, tó ń sanwó ọdẹ tó ń ṣọ́ òru? Àwọn náà ni. CDA ń ṣe mítíǹgì, wọ́n ń dá owó, akápò ń ka ìṣirò, ẹni tí kò bá san tiẹ̀ á gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ mọ CDA lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìjọba ló ń gbé owó tiránsífọ́mà wá.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, oṣù mẹ́fà ṣáájú EndSARS, a rí òmíràn. Ìsémọ́lé Kòrónà wà lórí wa, ìròyìn sì gba ìgboro kan pé àwọn "One Million Boys" ń bọ̀ wá jalè, láti Agege títí dé apá Sango àti Ìfọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà jáde lóru, wọ́n sun táyà, wọ́n fi igi dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n pín ara wọn sí ìṣọ́. Kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Níbi tí ẹni tó di igi mú ò bá ti ní ẹni tó ń bi í léèrè, àlejò tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lè di olè lójú ẹsẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. A ní oríṣi ètò méjì tí kò ní olórí, wọn ò sì mọ ara wọn. Ti ojú títì jẹ́ ti ọ̀dọ́: ó yá, ó gbóná, ó tóbi, ó sì máa ń tú ká láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ti àdúgbò jẹ́ ti lándíláọ̀dù: ó lọ́ra, àríyànjiyàn pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ó ń pẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ mítíǹgì CDA, tẹ́náǹtì ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Owó iná àti owó ọdẹ ni wọ́n ń rántí rẹ̀ fún. Ọ̀dọ́ náà ò sì bìkítà. "Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá" ló ń pè é. Ọ̀dọ́ tó ń bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lè má mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ojúlé kejì.

Ẹ wá wo ohun tí àìmọra yìí ná wa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, ìjọba Èkó kéde kónílé-ó-gbélé, àwọn sọ́jà sì yìnbọn fún àwọn tó jókòó ní Lekki. Ìgbìmọ̀ tí adájọ́fẹ̀yìntì Doris Okuwobi darí gbé àbájáde rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2021. Lẹ́yìn ọjọ́ 20 yẹn, wọ́n já ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ Kòrónà, iná sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá káàkiri. Feminist Coalition ní kí àwọn èèyàn wà nílé, wọ́n dáwọ́ owó gbígbà dúró. Ní oṣù Kọkànlá, báńkì àpapọ̀ gba àṣẹ kóòtù láti ti àkáǹtì ogún èèyàn àti iléeṣẹ́ pa. Àìlólórí ò ní kí wọ́n má rí ẹni mú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n mú ò ní àdúgbò tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ fi wé Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 àti 1969. Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìpàdé tirẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro fún ìjọba láti fọ́ wọn. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìdúnàádúrà, wọ́n ní irú Tafa Adéoyè tó lè jókòó bá Awólọ́wọ̀ sọ̀rọ̀, owó orí sì wálẹ̀. Ẹ fi wé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó dìde sí owó orí ní 1947, tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, títí Aláké fi kúrò lórí àpèrè ní oṣù Kìíní 1949. Ọjà ni wọ́n ti wá, ọjà ni wọ́n ń padà sí, ọjà sì ń pàdé lójoojúmọ́. Ìwọ́de jẹ́ apá kan nínú ayé wọn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ 2024, EndBadGovernance tún dé, ìbéèrè kan náà sì tún dé. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Kayode Egbetokun, ní kí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ mú orúkọ àti àdírẹ́sì wọn wá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 70 wá sí kóòtù l'Abuja, ọmọdé wà nínú wọn, àwọn kan sì ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Láti oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti wà látìmọ́lé.

Mi ò sọ pé ká lọ yan olórí kan. Ìbẹ̀rù pé wọ́n á rà á kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Aṣojú yàtọ̀ sí olórí. Aṣojú ń jíṣẹ́ tí a rán an ni, ó ń padà wá jábọ̀, a sì lè pè é wálé tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí a ò rán an. Ẹ ò lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí táyà ń jó. Ibi tí èèyàn ti ń mọ ìwà ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù lẹ ti máa rí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́náǹtì Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀, ẹ lọ béèrè fún àyè nínú mítíǹgì àdúgbò yín. Owó yín wà níbẹ̀, ó yẹ kí ohùn yín náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́mbà ara yín sílẹ̀, ilé sí ilé. Ẹ mọ lọ́yà tó wà nítòsí. Ẹ̀yin lándíláọ̀dù náà, ọ̀dọ́ tí ẹ ń lé kúrò ní mítíǹgì lónìí lẹ máa wá tí ìró ìbọn bá dún lóru.

Tí ọlọ́pàá bá gbé ọ lọ ní aago méjìlá òru òní, èèyàn mélòó ní àdúgbò rẹ ló máa mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́? Iye yẹn ni ibi tí ó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí ìwọ́de mìíràn tó dé.